Gbèsè Ẹni Tó Ń Padà Sílé

Bí ọkùnrin àti obìnrin tí orílẹ̀-èdè wọn yàtọ̀ bá fẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì bímọ, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ kàn wọ́n: ìlú ta ni a ó máa gbé? Wọ́n lè fi falẹ̀ fún ọdún mélòó kan, pàápàá bí iṣẹ́ bá ṣì ń lọ dáadáa níbi tí wọ́n ti pàdé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn yóò sọ pé òun fẹ́ kó ìdílé òun lọ sílé, sí ìlú tí wọ́n ti bí òun, níbi tí àwọn òbí òun ti ń darúgbó. Láti ọjọ́ náà, ẹnì kejì ni gbogbo ojú yóò máa wò. Ṣé yóò gbà? Ṣé ìfẹ́ rẹ̀ tó èyí tó lè fi fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ yóò gba ooru tàbí òtútù ibẹ̀? Pásítọ̀ a bá a sọ̀rọ̀, ẹbí a gbà á níyànjú, wọn a sì fi Rúùtù inú Bíbélì ṣe àpẹẹrẹ fún un. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò yẹ ni a ń bi léèrè. Ẹni tó ń lọ sí ìlú ẹlòmíràn ti san tirẹ̀ lọ́jọ́ tó di ẹrù. Ọrùn ẹni tó ń padà sílé ni gbèsè wà, gbèsè náà kì í sì í tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá gúnlẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ tọ́ lójú Ọlọ́run àti lójú ọmọlúàbí, ọ̀dọ̀ onílé ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé Rúùtù gan-an ló kọ́kọ́ ta ko ìwàásù tí a máa ń fi í ṣe. Orí ẹ̀jẹ́ tí Rúùtù jẹ́ lójú ọ̀nà ni oníwàásù máa ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ orí kìíní nìyẹn, ìwé náà sì ní orí mẹ́rin. Òótọ́ ni pé ọkọ rẹ̀ ti kú, Náómì, ìyá ọkọ rẹ̀, ló sì tẹ̀ lé. Síbẹ̀ ìlú ọkọ ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù jẹ́ fún un, Náómì sì ni onílé tó mú un wọlé. Náómì kò tàn án jẹ. Léraléra ló rọ òun àti Órípà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kejì, pé kí wọ́n padà sí ilé ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Gbogbo ìlú rú jáde, àwọn obìnrin ń béèrè bóyá Náómì náà nìyí, òun sì dá wọn lóhùn pé òun jáde lọ ní kíkún, ọwọ́ òfo ni Olúwa fi mú òun padà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Rúùtù wà. Náómì kò nawọ́ sí i, kò dárúkọ rẹ̀, kò sọ ẹni tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ìpadàbọ̀ tirẹ̀ àti ọ̀fọ̀ tirẹ̀ ló kún ojú rẹ̀ débi pé kò rí àlejò tó mú bọ̀. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti ṣe àlejò ní Móábù, ilẹ̀ Rúùtù, fún bí ọdún mẹ́wàá! Mo ka èyí sí ewu àkọ́kọ́ tó wà fún ẹni tó ń darí sílé: ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ ilé lè gbà á lọ́kàn pátápátá, kí ẹni tó fi ohun gbogbo sílẹ̀ nítorí rẹ̀ sì di ẹrù láàrin ẹrù.

Rúùtù ló fúnra rẹ̀ ní òun yóò lọ ṣa ọkà kí wọ́n lè rí jẹ. Ẹ̀yìn tó ti lọ, tó sì ti bọ̀, ni Náómì tó rántí sọ fún un pé ìbátan kan ń bẹ fún àwọn. Ìbátan náà, Bóásì, ló wá ṣe ohun tó yẹ kí onílé ṣe. Òfin Léfítíkù àti Diutarónómì ti ní kí olóko fi èéṣẹ́ sílẹ̀ fún àlejò àti opó, nítorí náà kì í ṣe àánú ni Bóásì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀tọ́ ni. Ó wá fi kún un. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin oko kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó ní kó mu nínú omi wọn, ó ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa yọ ọkà sílẹ̀ fún un. Nígbà tó yá ó jókòó lẹ́nu ibodè pẹ̀lú àgbààgbà mẹ́wàá, ó sì sọ orúkọ obìnrin náà ní gbangba. Ẹ má sì gbàgbé pé Diutarónómì kan náà ní kí ará Móábù má wọ inú ìjọ títí dé ìran kẹwàá. Kì í ṣe ìlú tó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni Bóásì mú un wọ̀. Òun ló lo orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀ láti ṣí i.

Ìtàn Jákọ́bù fi ohun mìíràn hàn. Ó ti lo ogún ọdún lọ́dọ̀ Lábánì, bàbá àwọn ìyàwó rẹ̀, nígbà tí Ọlọ́run sọ fún un pé kó padà sí ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run bá bá sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí ló tún kù tó fẹ́ gbọ́? Síbẹ̀ Jákọ́bù ránṣẹ́ pe Rákélì àti Líà wá sí pápá, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dúró de èsì. Àwọn náà ní ẹjọ́ tiwọn: bàbá wọn ti ná owó orí wọn tán, kò sì sí ogún kankan fún wọn nílé rẹ̀ mọ́. Nítorí ìdí tiwọn ni wọ́n ṣe gbà. Àwa tí a máa ń sọ pé Olúwa ti fi han olórí ilé, ó yẹ ká ka ibí yìí dáadáa, torí àṣẹ Ọlọ́run kò gba ìbéèrè kúrò lẹ́nu Jákọ́bù. Ṣáájú rẹ̀, nígbà tí Ábúráhámù rán ìránṣẹ́ lọ wá aya fún Ísáákì, ó ti ní bí obìnrin náà kò bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ìbúra ti tú. Àwọn ará ilé Rèbékà sì pè é, wọ́n bi í léèrè lẹ́nu ara rẹ̀ bóyá yóò lọ. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù jẹ gbèsè kan tí kò san. Ó sá lọ láì sọ fún Lábánì, nígbà tí Lábánì sì bá a lójú ọ̀nà, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun fi ẹnu ko àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ òun lẹ́nu kí wọ́n tó lọ. Onírẹ́jẹ ni Lábánì lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló jàre. Bàbá àgbà tó dúró lẹ́yìn ní pápákọ̀ òfuurufú wà lára àwọn tí onílé jẹ lówó.

Àwọn kan yóò ní kò yẹ kí n mú ọ̀rọ̀ gbèsè wọ inú ohun tí ẹ̀sìn ti parí. Ọkọ ni orí aya, wọ́n á ní, níbi tí orí bá kọjú sí ni ara ń lọ. Mo mọ ibi tí ẹsẹ Bíbélì náà wà, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ẹsẹ náà fi ṣe àwòṣe orí fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ ni. Orí ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ìnira lé. Ẹ̀kejì, nígbà tí Jẹ́nẹ́sísì kọ́kọ́ dárúkọ fífi bàbá àti ìyá sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, ọkùnrin ló sọ pé yóò fi wọ́n sílẹ̀. Nínú Ìsìláàmù náà, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Bukhari tó fi àdéhùn ìgbéyàwó ṣáájú àwọn àdéhùn tó yẹ ká mú ṣẹ. Orí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ Hánbálì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, dúró tí wọ́n fi gbà pé bí obìnrin bá ti là á sílẹ̀ nígbà yìgì pé wọn kò ní mú òun kúrò ní ìlú òun, ọkọ gbọ́dọ̀ pa á mọ́, bí kò bá sì pa á mọ́, obìnrin náà lè tú ìgbéyàwó náà ká. Àwọn ìlànà yòókù, títí kan ti Málíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, kò ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí dandan lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yin ẹni tó bá mú un ṣẹ. Àríyànjiyàn yìí fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí mi. Bó bá jẹ́ pé ìtẹ̀lé jẹ́ ohun tó wọ́ tẹ̀ lé ìgbéyàwó láìní ìbéèrè, kò ní sí nǹkan kan tí àwọn onímọ̀ yóò máa jiyàn lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú ìwé mímọ́ wá sí ayé àná. Ní oṣù Kẹsàn-án 1948, Seretse Khama, àrólé oyè àwọn Bangwato ní ilẹ̀ Bechuanaland, fẹ́ Ruth Williams, akọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà láti so wọ́n pọ̀. Tshekedi, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń di oyè mú fún un, yarí. Ohun tí Seretse ṣe ló ṣe pàtàkì fún wa. Kò kọ́kọ́ kó ìyàwó rẹ̀ sọ́kọ̀ kó máa gbàdúrà pé kí ara ìlú gbà á. Òun nìkan ló lọ sílé, ó dúró níwájú kgotla, ìyẹn ìpàdé gbogbo ìlú, ní Serowe. Ìpàdé méjì tó wáyé ní òpin 1948 kò gbè é. Ó tún padà lọ. Ní oṣù Kẹfà 1949, ó ní kí àwọn tó fara mọ́ òun àti aya òun dìde, ogunlọ́gọ̀ sì dìde. Oṣù Kẹjọ ni Ruth tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Onílé ti jẹ ìyà àlejò tán ní gbangba kí àlejò tó dé.

Kò mọ síbẹ̀. Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìjọba apartheid ti gorí oyè ní 1948, tí wọ́n sì ṣe òfin tó ka ìgbéyàwó aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú léèwọ̀ ní 1949, bínú pé ìyàwó ọba aládùúgbò yóò jẹ́ òyìnbó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n pe Seretse sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1950, wọ́n sì lé e kúrò nílùú rẹ̀. Ruth bí ọmọ wọn àkọ́kọ́ ní Serowe lọ́dún náà láàrin ìdàrúdàpọ̀ yìí. Wọ́n ti lè sọ fún ọkùnrin náà ní ìgbà púpọ̀ pé ìyàwó yìí ló dí ọ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wà lẹ́yìn odi kí wọ́n tó gbà kó padà ní 1956, lẹ́yìn tó ti fi ọwọ́ sí i pé òun yọwọ́ nínú oyè. Oyè ló fi san gbèsè náà. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó tẹ̀ lé e, pé ní 1966 òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí Botswana ní. Ṣùgbọ́n ní 1956 kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ìyẹn fún un. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé a máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ìgboyà obìnrin òyìnbó. Ó ní ìgboyà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgboyà rẹ̀ ì bá ti ṣòfò bó bá jẹ́ pé ọkùnrin tó dákẹ́ níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ ló fẹ́.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Seretse. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1984 ní ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó yóò gba orílẹ̀-èdè bàbá rẹ̀. Unity Dow, agbẹjọ́rò, ọmọ ilẹ̀ náà, fẹ́ ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń gbé ní Botswana. Ọmọ tó bí kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó jẹ́ ọmọ ìlú. Àwọn méjì tó bí lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ àjèjì lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí. Ó pe ìjọba rẹ̀ lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ gíga dá a láre ní 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní 1992, wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 1995. Èmi rí Bóásì lẹ́nu ibodè nínú obìnrin yìí. Onílé kò gbọdọ̀ rò pé nítorí pé òun fẹ́ràn aya tàbí ọkọ òun, ìlú òun náà yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ìlú ní òfin, òfin kò sì mọ ìfẹ́. Nàìjíríà tiwa náà ńkọ́? Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, ní abala 26, gba obìnrin tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láyè láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú, kò sì fún ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọbìnrin wa ní àǹfààní kan náà. Abala 27, pẹ̀lú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi gbọ́dọ̀ ti gbé ìlú, ni ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn obìnrin òkèèrè tí ọmọ Nàìjíríà fẹ́ wálé ní láti fúnra wọn dá ẹgbẹ́ Nigerwives sílẹ̀ ní 1979 kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó dára ni wọ́n ṣe, àwọn ló ní ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé fún àwọn afọ́jú ní Èkó, ṣùgbọ́n ó yẹ ká bi ara wa pé níbo ni àwa onílé wà tó fi jẹ́ pé àlejò ló ń gba àlejò.

Ẹni tó sì ń mú ọkọ tàbí aya Yorùbá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tún ju ti gbogbo àwọn wọ̀nyí lọ. Láti oṣù Kẹrin 2024, owó tó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún onílé lọ́dún kó tó lè tọrọ físà fún olólùfẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní £18,600 tó wà láti 2012, ó ti di £29,000. Físà náà rọ̀ mọ́ ìgbéyàwó. Bí ìgbéyàwó bá tú, àyè ìgbélùú náà lè tú pẹ̀lú rẹ̀, àyàfi bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti ìlòkulò nínú ilé tàbí irú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó: ẹnì kan ṣoṣo ló ní ilé, òun ló mọ èdè ọ́fíìsì, òun ló ní ìdílé nítòsí, òun náà ni òfin tún fi ìwé ẹnì kejì rọ̀ mọ́ lára. Níbi tí agbára bá ti pọ̀ tó báyìí lọ́wọ́ ẹnì kan, ojúṣe rẹ̀ kò lè bá ti ẹnì kejì dọ́gba.

Àtakò kan wà nínú òwe wa. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ẹ fún àlejò láàyè, ìgbà yóò sọ ọ́ di onílé. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n ọlọ́ṣẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ we ewé mọ́ ọṣẹ. Rúùtù pẹ́ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ará Móábù ni wọ́n sì ń pè é títí dé ẹnu ibodè, lẹ́nu Bóásì pàápàá. Ìgbà tí àwọn àgbààgbà ṣàdúrà fún un, tí wọ́n fi í wé Rákélì àti Líà, ni orúkọ náà tó kúrò lára rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa mọ èyí nínú ìṣe. Omi ni wọ́n máa ń bù sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, ará ilé ọkọ ló sì ń bù ú. Wọn kì í sì í gba ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ọmọ ibẹ̀ ló ṣì jẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ sí ogún ibẹ̀, ó sì ń lọ síbẹ̀ ṣe ọ̀fọ̀ àti ayẹyẹ. Ẹni tó fẹ́ ọkọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lè lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ti Ìbàdàn lọ sí Toronto kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀nà jíjìn sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, onílé ló gbọ́dọ̀ dá a padà: owó ìrìn-àjò tí a yà sọ́tọ̀ tí a kì í fọwọ́ kàn, èdè ìyá tí àwọn ọmọ ń sọ nínú ilé, àdúgbò tí onílé ti bá a wá ọ̀rẹ́ sí.

Àtakò tó le jù ni ti ìfẹ́. Wọ́n á ní tọkọtaya tó bá ń ṣírò ẹni tó jẹ ẹnì kejì lówó ti kúrò nínú ìgbéyàwó, wọ́n ti dé ọjà. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó tẹ̀ lé ló ń ka gbèsè náà lójoojúmọ́ sétí onílé, ilé náà yóò gbóná bí iná. Ṣùgbọ́n èmi kò sọ pé kí ẹni tí a jẹ máa sin gbèsè. Mo ní kí ẹni tó jẹ ẹ́ mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. Nínú ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti yàtọ̀ sí ti ọjà: lọ́jà, olówó ló ń rántí, nínú ìfẹ́, ẹni tó jẹ gbèsè ni kò ní gbàgbé. Bí onílé bá gbàgbé, ẹnì kejì ni yóò di dandan fún láti rántí, ibẹ̀ ni ìkorò ti ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí ló kù, òun ló sì máa ń fa ọ̀pọ̀ wálé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, òfin Ọlọ́run sì ní ká bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Ṣùgbọ́n òbí mẹ́rin ló wà nínú ìgbéyàwó méjì-dọ̀kan, òfin náà kò sì sọ pé ti ọ̀nà kan ṣoṣo ni ká bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó bá ní ìyá òun ń darúgbó gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tí yóò tọ́jú ìyá ẹnì kejì. Ti àwọn ọmọ tún wúwo ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé ká kàn lọ gbìyànjú rẹ̀ wò fún ọdún kan. Lábẹ́ àdéhùn Hague ti 1980 lórí gbígbé ọmọ sálọ, ibi tí ọmọ ti ń gbé gan-an ni ilé ẹjọ́ máa ń wò ní àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. Bí ìdánwò náà bá kùnà lẹ́yìn tí ọmọ ti fi ìdí múlẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé lè rí i pé òun lè padà sílé, ṣùgbọ́n pé òun kò lè mú ọmọ òun lọ láìsí àṣẹ ẹnì kejì tàbí ti ilé ẹjọ́. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdánwò fún un mọ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, onílé ló yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀, níwájú agbẹjọ́rò àti níwájú àwọn ẹbí méjèèjì, ọjọ́ tí wọn yóò tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, àti pé bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀, gbogbo wọn ni yóò padà, òun náà pẹ̀lú wọn.

Wọ́n lè ní ilé tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tí yóò fìdí múlẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìtàn Seretse: ó kú ní 1980. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún Ruth lọ́jọ́ náà. Ó lè padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Botswana ló dúró sí títí ó fi kú ní 2002, wọ́n sì sin ín sí Serowe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìdílé rẹ̀ lọ sílé ṣùgbọ́n tí kò lè dúró níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ nítorí aya tàbí ọkọ rẹ̀, tí kò sì lè ṣèlérí ìpadà, kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, bí òbí rẹ̀ tilẹ̀ ti darúgbó. Kó fúnra rẹ̀ lọ ná, kó lọ tọ́jú wọn fún oṣù díẹ̀, kó máa bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àwọn àgbà ilé sọ ọ́ léraléra bí Seretse ti ṣe ní kgotla, títí wọn yóò fi dìde fúnra wọn.